Àlọ́ Tí Mo Fi Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Gbogbo ènìyàn ló fi òtútù dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé, nítorí náà, nígbà tí mo dé New York, òtútù kọ́ ló bá mi lójijì. Ohun tó bá mi lójijì ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń mọ́ láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Ní agbolé wa ní Ọ̀yọ́, àkùkọ ìyá mi kì í gbà kéèyàn sùn kọjá àkókò. Bó bá ti ké tán, ti ilé kejì á gbà á, òmíràn á tún gbà á lápá ìsàlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí wàá fi máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ àti ti korobá lẹ́bàá kànga. Ní Soundview, àdúgbò tí mo dé sí, nínú iyàrá kékeré tí mo gbà ní àjà òkè ilé kan, ṣe ni mo máa ń lajú sínú òkùnkùn, tí mo máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí mò ń retí ohun kan tí n kò mọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé àkùkọ ni mò ń retí.

Tíṣà ni mí nílé. Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì mọ́ mi lára débi pé bí mo bá kọjú sí pátákó, etí lásán ni mo fi ń mọ ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n lẹ́yìn mi. Níbí, ìtọ́jú àgbàlagbà ni iṣẹ́ tí mo rí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń wọ sọ́bùwéè, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ sí Harlem, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń se oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ fún un, mo sì máa ń jókòó tì í nígbà tó bá ń wo fèrèsé. Ènìyàn dáadáa ni. Orúkọ àbísọ mi ló fi ń pè mí, bí gbogbo wọn níbí ṣe ń ṣe. Ní oṣù tí mo dé, bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Nílé, Ìyá Mofẹ́ ni mí. Lẹ́yìn tí mo dé ìlú yìí, ìyá mi nìkan, lórí fóònù, ló ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Mofẹ́ ni ọmọ mi, òun nìkan ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ kí ọmọ náà tó mọ ìrìn. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì sọ fún un pé kó tó wọ kíláàsì kìíní, màá ti dé. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ti wà ní kíláàsì kejì báyìí, kíláàsì tí èmi fúnra mi máa ń kọ́, tíṣà mìíràn ló sì ń kọ́ ọ. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá lọ wo ọmọ mi báyìí, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé mọ́, gbogbo ohun tí mo tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀ á sì di òfo. Bí mo bá ṣàlàyé èyí fún àgbàlagbà, á mi orí, á ní Ọlọ́run á ṣe é. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ kékeré.

Ní Laurelton, ní Queens, ni ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ wà. Ó jìnnà sí Soundview. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin, màá tún wọ bọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn wà nítòsí mi. Èdè ni mò ń tẹ̀lé lọ síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti rí ọwọ́ mú díẹ̀, wọ́n ní ilé tiwọn, koríko tútù wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì lá àlá. Ọ̀kan nínú wọn ni Mọ́mì Nikẹ́, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sí ìsìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù. Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ni mí nílé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní àwọn ọmọ àwọn kì í gbọ́ Yorùbá àfi nígbà tí wọ́n bá ń bá wọn wí. Ó ní ìyá òun wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò tíì fi ojú kan Nikẹ́ rí, àìsàn kò sì jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí fóònù, ìyá àgbà á béèrè pé ṣé dáadáa ni, ọmọ á ní dáadáa ni, ọ̀rọ̀ tán.

"Àlọ́ kan péré ni mo fẹ́ kí ọmọ yìí pa fún màmá mi," ló sọ fún mi. "Kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó sì parí ẹ̀."

N kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ tó máa ń wúwo jù fún mi, nítorí pé n kì í lọ síbi iṣẹ́, iyàrá mi sì máa ń dákẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà padà, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé Mọ́mì Nikẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké mélòó kan tí àwọn òbí wọn ń já sílẹ̀ láàárọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú wọn, inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Àlọ́ Àkùkọ àti Òkété ni mo yàn, èyí tí ìyá mi máa ń pa fún wa. Àkùkọ fẹ́ lọ sí ilé àna rẹ̀, kò sì ní fìlà. Ó lọ yá fìlà pupa lọ́wọ́ Òkété, ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́, òun á ti dá a padà. Ó dé fìlà náà lọ, ó jó, wọ́n yìn ín. Bó ṣe ń padà bọ̀, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà, fìlà rin gbingbin, ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí, kò ṣeé ṣí mọ́. Nígbà tó di ìdájí, Òkété wá gba fìlà rẹ̀. Ojú ti Àkùkọ, kò mọ ohun tí yóò wí, ló bá gun orí ògiri, ó figbe ta pé ilẹ̀ ti mọ́, kí Òkété tètè wọ ihò lọ kí ọdẹ má baà rí i. Òkété sá wọlé. Títí di òní, òru ló ń jáde láti wá fìlà rẹ̀, bó bá sì ti di ìdájí, Àkùkọ á gun ibi gíga, á kọrin lé e lọ:

Òkété, má bínú sí mi,
Wọlé lọ o, wọlé lọ.
Fìlà rẹ kò ṣí lórí mi,
Wọlé lọ o, wọlé lọ.
Ilẹ̀ ti mọ́, ọdẹ ń bọ̀,
Wọlé lọ o, wọlé lọ.

Mo ya àlọ́ náà sórí páálí: Àkùkọ lẹ́nu ọ̀nà Òkété, Àkùkọ nídìí ijó, Àkùkọ nínú òjò, Òkété tó ń kan ilẹ̀kùn, Àkùkọ lórí ògiri. Iṣẹ́ tí mo fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n to páálí wọ̀nyí bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ọmọdé lè gbádùn àlọ́ dáadáa kó má sì lè pa á fún ẹlòmíràn. Ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣíwájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Mo máa ń bi wọ́n pé, kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn náà ńkọ́? Báwo ló ṣe wá parí? Bí ẹnì kan bá fo ibì kan, màá ní kó padà lọ mú un wá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí eré.

Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló fún wọn ní wàhálà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu wọn ní pẹrẹsẹ, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ tẹ̀. Kò sí èyí tó lè pe ilé àna bó ṣe yẹ. Gbogbo wọn ní Àkùkọ lọ sí ilé àná. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi, pé ẹnì kan dé fìlà, ó ń lọ sí ilé àná. Mo gbé ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí omijé mi.

Nínú gbogbo wọn, Nikẹ́ ló mú mi lọ́kàn jù. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, olójú ńlá, ẹgbẹ́ Mofẹ́ gan-an. Bó bá ti rí mi, á wá jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, á gbé orí lé orúnkún mi, á máa fi ìka tẹ̀lé ìlà ankárá mi. Ṣùgbọ́n páálí kò ṣeé tò fún un. Àkùkọ orí ògiri ló máa ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, nígbà gbogbo. Mo tọ́ ọ sọ́nà títí, kò yí padà. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé èyí tó kù ti parí, ṣùgbọ́n Àkùkọ ṣì ń ké títí di òní, nítorí náà òun ló yẹ kó wà níwájú. Mo kàn ní kó tún un tò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ̀kọ́ parí, ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá pè é. Nikẹ́ kò tíì fẹ́ lọ. Ó fà mí láṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún orin yẹn kọ," èmi ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo bí wọ́n ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo kọrin náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Mọ́mì, létí títí mo fi dé Soundview, ó sì dùn mọ́ mi. Ìgbà tí mo ń ṣí ilẹ̀kùn iyàrá mi ni mo bi ara mi léèrè ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lẹ́nu ẹni tó ni ín, n kò sì rántí. Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mò ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lé ẹsẹ̀, mò ń tún irun rẹ̀ ṣe, mò ń fi sùúrù tí n kò ní fún ọmọ tèmi kọ́ ọ ní àlọ́ tó yẹ kí ọmọ tèmi gbọ́ lẹ́nu mi. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Èmi ni mo máa ń tètè dé.

Mo pinnu pé n óò ṣe ohun kan náà fún Mofẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pè wọ́n, nígbà tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ fún ìyá mi pé kó pa àlọ́ Àkùkọ àti Òkété fún un láàárín ọ̀sẹ̀, kí Mofẹ́ lè pa á fún èmi náà. Mo tilẹ̀ kó páálí mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo jókòó sórí àga kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo pè.

Mofẹ́ gba fóònù pẹ̀lú ìtara. Kò kí mi pàápàá. "Mọ́mì, Òkété ò rí fìlà rẹ̀ gbà o."

Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó parí sí nìyẹn. Mo bi í pé kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀.

"Ó ń sunkún nínú ihò. Ó tún jáde wá wò ó, ó sì tún padà."

"Mofẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló lọ yá fìlà?"

Mo tún béèrè, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ni. Mo ní kó rántí dáadáa, pé Àkùkọ fẹ́ lọ sí ibì kan. Mo gbọ́ tó ń mí sínú fóònù.

"Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́," ló wí, ó sì gbé fóònù fún ìyá mi.

Ìyá mi kì í pariwo. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó béèrè ara mi, ó béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́. "Ìyá Mofẹ́, ọmọ ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ìwọ ń kọ́ ọ níwèé. Láti àárọ̀ ló ti jókòó ti fóònù yìí."

Mo ní mo fẹ́ kó mọ bí àlọ́ ṣe ń lọ ni. Ìyá mi ní ó mọ̀ ọ́n, pé ó ti pa á fún gbogbo ọmọ agbolé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ṣùgbọ́n kò sí ẹkún Òkété nínú àlọ́ tí òun pa fún un, pé òun kò mọ ibi tí ọmọ ti rí i.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ní Mofẹ́ ń wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, wọ́n ní ó wà ní ilé kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi kò fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi mọ́, ó ní ọmọ sọ pé òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ipá mú un. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, màá jókòó síbi tí mo wà títí bọ́ọ̀sì mi á fi kọjá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń béèrè pé ọmọ ńkọ́, mo máa ń ní ó wà dáadáa, ó ti ń dàgbà. Mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn.

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn jẹ́ ará ibì kan ni pé kó gbọ́ èdè ibẹ̀, kó mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní àkókò yẹn, ó wá yé mi pé kí wọ́n máa retí ẹni níbì kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Harlem, ìyá àgbà ń retí mi láàárọ̀. Ní Laurelton, àwọn ọmọ ń dúró dè mí lẹ́nu àtẹ̀gùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Ọ̀yọ́, ọmọ kan ti retí mi títí, ó ti wá ń kọ́ bí kò ṣe ní retí mi mọ́. N kò lè bá a jà nítorí rẹ̀.

Inú ipò yìí ni mo wà nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ọmọdé dé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni wọ́n ní kó pa àlọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Nikẹ́ bẹ̀ mí pé kí Nikẹ́ ṣe olórí, kí àwọn tó kù máa gbe orin. Ó ra aṣọ tuntun fún un. Ó gbé fóònù sókè níwájú láti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kó lè fi í ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ìyá rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn, ó sì ti ń retí.

Ètò wa ni pé èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n óò máa gbé páálí sókè ní ìkọ̀ọ̀kan bí ìrántí fún un. Nikẹ́ bọ́ síwájú. Ó wo àwọn ènìyàn, ó wò mí. Kí n tó gbé páálí kìíní sókè, ó ti la ẹnu.

"Àkùkọ ń ké," ló wí. "Ó wà lórí ògiri."

Mo rí ìyá rẹ̀ tó ń mi orí sí mi, tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kó padà sẹ́yìn. Páálí tó yẹ wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá kàn gbé e sókè, Nikẹ́ á rí i, á sì tún un bẹ̀rẹ̀. A ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. N kò gbé e sókè. Ohùn Mofẹ́ ló wà létí mi, èyí tó fi sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́, n kò sì lè tún gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ mìíràn. Nikẹ́ ń lọ sẹ́yìn sẹ́yìn, ó ní Òkété kan ilẹ̀kùn, ó ní òjò rọ̀, ó fo ijó, ó gbàgbé ẹni tó ni fìlà. Àwọn ọmọ tó kù kò mọ ibi tí orin ti yẹ kó wọlé, wọ́n kàn kọ ọ́ nígbà tó wù wọ́n. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín ìfẹ́, wọ́n sì lọ jẹun.

Ìyá Nikẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ó dúró títí àwọn ènìyàn fi tán lẹ́bàá wa. Ó ní ìyá òun ti wo fídíò náà, ó sì ti pè. Ó ní ó béèrè pé kí ni àkùkọ náà ń ké sí, pé òun kò mọ ohun tí ọmọ ń sọ, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ dára.

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n," ló wí, "ẹ kàn ń wò ó."

Mo fẹ́ sọ pé ọmọ náà gbádùn rẹ̀, pé kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọdé pa àlọ́ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, mo sì lè fi gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́ tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo ní nígbà tí Nikẹ́ wò mí, ọmọ tèmi ni mo ń bẹ̀ pé kó má bínú.

Ó mọ̀ pé mo ní ọmọ nílé, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a kò jọ sọ ọ́ rí.

"Mo bá yín dárò," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ló wà níwájú yín."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà Soundview, ọ̀rọ̀ náà ń gún mi lọ́kàn. Mo ti fi ọmọ ọlọ́mọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi, kò sì dé etí ẹni tí mò ń bẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá arúgbó kan ti jókòó ti fóònù bí Mofẹ́ ṣe jókòó tì í, èmi náà ni mo já a kulẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo ní kí wọ́n má kó àwọn ọmọ tó kù wá. Èmi, Nikẹ́ àti ìyá rẹ̀ nìkan la wà ní yàrá ìsàlẹ̀. A pe ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, a gbé fóònù ti ìgò omi kí wọ́n lè rí ara wọn. Ojú ìyá àgbà ti rù, ó fi gèlè wé orí bí ẹni tó ń retí àlejò. Mo jókòó sẹ́yìn Nikẹ́, mo kó páálí sábẹ́ itan mi.

"Àkùkọ ń ké," ni Nikẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá àgbà béèrè.

Nikẹ́ ronú. Ó ní nítorí fìlà ni.

"Fìlà ta ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe ń béèrè, kò fẹ́ ju kó gbọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni Nikẹ́ ṣe ń rìn padà títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Òkété. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí ìyá àgbà dúró ná, ó sì pa gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, láìfo ohunkóhun. Ó ní Àkùkọ dé fìlà lọ sí ilé àná.

"Ilé àna, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí.

"Ilé àna," ni Nikẹ́ tún wí, ó sì pè é bó ṣe yẹ.

Ìyá àgbà gbe orin títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mọ́mì Nikẹ́ kọjú sí ògiri, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. N kò sọ ohunkóhun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ tó dáa jù tí mo ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí sì nìyẹn. Inú mi dùn sí i. Inú mi kò sì dùn, nítorí mo mọ iye ohun tí mo ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, mo pe ilé. Mo ti pinnu pé n kò ní béèrè Mofẹ́. Mo kí ìyá mi, mo béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, mo ní ó dàárọ̀. Ó ní kí n dúró, ẹnì kan fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ òun.

"Ó wà lórí páànù báyìí," ni Mofẹ́ wí.

Ẹnu mi ti là láti béèrè pé kí ló wà lórí páànù. Mo pa á dé. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

"Màmá ló jù ú síbẹ̀. Wọ́n ní kí aláǹgbá má rí i. Mi ò wo ibi tó bọ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, mo fi omi iyọ̀ fọ ẹnu mi, ó ta mí. Ẹ̀pà ni mò ń jẹ, Mọ́mì, ẹ̀pà yíyan, ó kàn ṣẹ́ kọ́ọ́."

Ìgbà yẹn ló yé mi pé eyín rẹ̀ ló yọ. Mo jókòó sórí àga ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo tẹ fóònù mọ́ etí bó ti ń sọ ọ́ lọ sẹ́yìn, sí ilé-ìwé níbi tí eyín náà ti kọ́kọ́ mì, sí ọmọ kan tó ní kí òun so ó mọ́ òwú, sí bí òun ṣe sá fún un. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó lọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, èmi kò tọ́ ọ sọ́nà níbì kankan. Nígbà tó dákẹ́, mo bi í bóyá ó dùn ún.

"Èyí ò dùn mí rárá," ló wí. "Ti àkọ́kọ́ ló dùn mí."

N kò gbọ́ nípa ti àkọ́kọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ni ìyẹn yọ.

Ó ní ìgbà tí òun kì í bá mi sọ̀rọ̀ ni.